Ìfẹ́ Tó Gba Oorun Lójú Ẹni: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìfẹ́ àfẹ́jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kọjá ohun tí ojú ewé yìí lè gbà. A mú mẹ́fà nínú wọn, a yọ orúkọ kúrò, a sì gé àwọn tó gùn jù kúrú. Ẹ ó rí i pé ohun kan náà ló ń yọjú nínú ọ̀pọ̀ wọn: èsì tó dájú ò sí. Láyé àwọn baba wa, ẹbí ló ń dáhùn fún ọmọ. Láyé tó dé báyìí, ẹni tí wọ́n dẹnu ìfẹ́ kọ ló yẹ kó dáhùn fúnra rẹ̀. Àárín méjèèjì la wà, kálukú sì ń retí pé ẹnìkejì ni yóò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ àfẹ́jù ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 29 ni mí, ọkùnrin. Èmi àti obìnrin kan jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí ìfẹ́ rẹ̀ ti ń pa mí bí ọtí. Nígbà míì á fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ mi kíá, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀ di òru. Nígbà míì, ọjọ́ mẹ́rin á kọjá kó tó dá mi lóhùn. Mo máa ń jí lóru láti wo ìgbà tó wọ WhatsApp kẹ́yìn. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́, àṣìṣe sì ti ń pọ̀ nínú iṣẹ́ mi. Ṣé ìfẹ́ nìyí àbí àìsàn?

Ìdáhùn: Ìfẹ́ ni, àmọ́ ó ti ń sọ ara rẹ̀ di àìsàn. Dorothy Tennov, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu wò lórí irú rẹ̀, ó sì gbé ohun tó rí jáde lọ́dún 1979. Ohun tí ẹ kọ bá tirẹ̀ mu rẹ́gí: ìrònú ẹni náà tó ń já wọlé láìtọrọ ààyè, àyà tó ń já nígbà tó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ìbẹ̀rù pé ó lè kọ̀, àti ojú tó ń sọ àléébù rẹ̀ di ẹwà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ obìnrin yìí ni pé ìrètí àti iyèméjì gbọ́dọ̀ jọ wà kí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè dúró. Bí ẹni náà bá gbà tọkàntọkàn, ara á balẹ̀, á sì di ìfẹ́ tí èèyàn lè fi gbélé. Bó bá kọ̀ pátápátá, ebi ni yóò pa ìfẹ́ náà kú. Tennov ní ó sábà máa ń gbà tó oṣù 18 sí ọdún 3 kó tó tán lára. Ẹ̀yin ti lo oṣù 18, ẹ ò sì tíì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ọjọ́ mẹ́rin tí kò fi dá yín lóhùn yẹn ò lé yín sẹ́yìn. Òun gan-an ló so yín mọ́lẹ̀. B. F. Skinner, òun náà onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ẹyẹlé yẹ irú rẹ̀ wò. Ẹyẹlé tó ń rí ọkà gbà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹnu sọ bọ́tìnnì kì í pẹ́ jáwọ́ nígbà tí ọkà bá tán. Èyí tí ọkà ń bọ́ sílẹ̀ fún láìlétò, lónìí lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lọ́la lẹ́yìn ogójì, á ṣì máa sọ ọ́ nìṣó nígbà tí ọkà ti tán tipẹ́. Bí obìnrin yìí bá ń dáhùn lójoojúmọ́, tàbí tí kò dáhùn rárá, ẹ̀yin ì bá ti máa sùn lóru.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà á fún ọjọ́ méje. Ẹ ra ìwé pélébé kan. Ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù, nítorí ṣíṣí fóònù ni ìṣòro náà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wo ìkànnì rẹ̀ tàbí àwòrán rẹ̀, ẹ fa ìlà kan, ẹ kọ aago, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kété ṣáájú: ọ̀gá bú mi, mo dá wà nínú ọkọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ má tíì dín in kù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú: wọ́n á fẹ́ ṣe ọmọ dáadáa lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n á fi ipá mọ́wọ́ kúrò, tó bá di ọjọ́ kẹta wọ́n á wo ó ní ìlọ́po, wọ́n á sì sọ ìwé nù. Kíkà ni ẹ ń kà. Tí ọ̀sẹ̀ bá pé, ẹ ó rí i pé wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ ni ìlà náà ti ṣùjọ, ibẹ̀ lẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í. Ojúkojú ni o, lọ́sàn-án, níbi tí ẹlòmíì ò ti ní gbọ́ ṣùgbọ́n tó lè dìde lọ nígbà tó bá wù ú. Ẹ má gbé ẹ̀bùn dání. Ẹ má sọ̀rọ̀ oorun tí ẹ ò sùn àti oúnjẹ tí ẹ ò jẹ, nítorí gbèsè lẹ ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ ju èyí lọ: “Ó wù mí kí a jọ máa fẹ́ra sọ́nà. Ṣé ó wu ìwọ náà? Bí kò bá wù ọ́, màá gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bi ọ́ mọ́.” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti parí. Bó bá ní òun á rò ó, ẹ fún un ní ọjọ́ 14, ẹ má sì rán an létí. Bí ọjọ́ náà bá pé láìsí èsì, rárá ni. “Àwọn òbí mi ò ní gbà,” rárá ni. “Mi ò tíì ṣetán,” rárá ni. “Bí ẹ̀gbọ́n ni mo mú ọ,” rárá tó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

A mọ̀ pé ẹnìkan á ta kò wá níbí. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin pé ẹni tó bá tètè gbà ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀pọ̀, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin pé àìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe àìgbà. Nítorí náà, obìnrin á fi ẹnu ayé òde òní kọ̀, ọkùnrin á fi etí àtijọ́ gbọ́ ọ. Ìdájọ́ tiwa ni pé kí ẹ gba ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń dán yín wò, ó ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ rárá, 60 ọjọ́ láìwo ohunkóhun tirẹ̀ ló kàn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ máa bá a sọ, lójú àwọn yòókù. Ẹ pa ìtàkùrọ̀sọ yín àtijọ́ rẹ́. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ kan kó bá yín pa á. Ohun kan wà lórí WhatsApp tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀: ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Privacy, kí ẹ yí “Last seen and online” sí “Nobody”, àti ti online sí “Same as last seen”. Bí ẹ bá ti fi tiyín pamọ́, ẹ̀yin náà ò ní lè rí ti ẹlòmíì mọ́. Ìṣẹ́jú kan péré, ìdí tí ẹ fi ń jí lóru ti kúrò nílẹ̀. Lọ́dún 2012, Tara Marshall tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe láàárín èèyàn 464 tí ìfẹ́ wọn ti tú ká. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ewé Facebook ẹni àtijọ́ ni ìbànújẹ́ àti àárò pọ̀ lára wọn jù. Ìwádìí náà ò sọ pé wíwò ló fa ìbànújẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń bàjẹ́ nínú ló ń wò jù. Ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹni tí wíwò tù nínú.

Ẹ má bá ìrònú náà jà o. Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, sọ fún àwọn kan nínú ìwádìí kan lọ́dún 1987 pé kí wọ́n má ronú kan béárì funfun fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò ṣeé ṣe fún wọn, nígbà tó sì yọ̀ǹda fún wọn láti rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí kò kọ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ dá àsìkò fún un: 20 ìṣẹ́jú, ní ìrọ̀lẹ́, lórí àga kan náà, kì í ṣe lórí ibùsùn. Bó bá yọjú lásìkò míì, ẹ sọ fún ara yín pé ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún lè kọ àléébù rẹ̀ tí ẹ fojú ara yín rí sílẹ̀, kì í ṣe èébú. Sandra Langeslag àti akẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára èèyàn 24, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2018: ríronú sí àléébù dín ìfẹ́ kù, àmọ́ ó ba inú jẹ́, fífi nǹkan míì pàrònú rẹ́ mú inú dùn, àmọ́ ìfẹ́ ò dín kù. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àléébù yín láàárọ̀, kí ẹ sì jáde síbi tí èèyàn wà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kà á lóru á fi omijé sùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, bàbá mi ti búra pé òun ò ní fọwọ́ sí ọkùnrin tí mo fẹ́ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ la ti ń fẹ́ra. Bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ túbọ̀ ń wọ̀ mí lára, ó sì ti ń ṣe wá bí ẹni pé ká sá lọ. Ẹni ọdún 24 ni mí.

Ìdáhùn: Ẹ ò dá nìkan wà nínú bí ó ṣe ń ṣe yín. Richard Driscoll àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí láàárín tọkọtaya àti àfẹ́sọ́nà 140 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́dún 1972 pé níbi tí òbí ti ń dènà sí i, ìfẹ́ ń gbóná sí i. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí, wọ́n sì ti fi jà títí. Àmọ́ nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe lọ́dún 2014, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìfẹ́ máa ń pọ̀ níbi tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí bá ti fọwọ́ sí i. Ìdènà lè mú ẹ̀jẹ̀ gbóná fún sáà kan. Kò sọ fún yín bóyá ọkùnrin náà dára.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ rántí ìjíròrò mẹ́wàá tí ẹ jọ ṣe kẹ́yìn. Mélòó ló dá lórí bàbá yín? Bó bá tó méje, ìjà lẹ jọ ń jà, kò tíì di ilé tí ẹ jọ ń kọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè pé níbo lẹ ó máa gbé, ẹ̀sìn wo lọmọ yóò ṣe, ta ló máa mọ iye tó ń wọlé fún ta, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá ṣàìsàn tó fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ sì wo ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá sọ pé rárá sí ohun kékeré kan tó fẹ́. Ẹni tí kò lè dáhùn tó ní “ìfẹ́ á borí gbogbo ẹ̀” ò tíì múra.

Bó bá yege, ẹ kọjú sí bàbá. Ẹ̀sìn ni wọ́n dárúkọ, àmọ́ nǹkan míì lè wà lẹ́yìn rẹ̀: ìtìjú níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, ìbẹ̀rù pé ọmọ-ọmọ ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ẹbí. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tínú wọn dùn, ẹ má dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ sì lọ. Ẹ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ wọ́n létí. Ìyá kọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á ní ìyá ti gbè sí ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wọn tàbí ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́. Kí ọkùnrin náà mú àgbà kan wá láti ilé tirẹ̀, nítorí ẹni tó dá wá ń jọ ẹni tí kò lẹ́bí. Ẹ retí ìjókòó mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ má sì mẹ́nu kan ìdúnkookò tàbí gbèdéke ní ìjókòó àkọ́kọ́.

Sísá lọ la ò fẹ́. Kì í ṣe torí ìtìjú. Ọmọ tó bá sá lọ ti já okùn tó so ó mọ́ àwọn tí yóò bá a dá sí i bí ọkọ bá na ọwọ́ sí i lọ́la. Bí gbogbo ẹ̀bẹ̀ bá já sí pàbó, tí ẹ sì ṣì fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ ṣe é lábẹ́ òfin, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì sọ fún bàbá ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀rí yín gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní owó oṣù mẹ́ta nípamọ́ lórúkọ ara yín. Abala 16 nínú Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 sọ pé láìsí pé àwọn méjèèjì tó fẹ́ ṣègbéyàwó fínnú-fíndọ̀ gbà, ìgbéyàwó ò sí. Bàbá ò lè fi ipá fi yín fún ẹlòmíì. Ìre bàbá, òfin kankan ò lè fún yín nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ló lè gbà á.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ẹni ọdún 22 ti rù kan eegun nítorí ọmọbìnrin kan tó fi í sílẹ̀. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti fi nǹkan mú un, pé ká tètè wá ìyàwó míì fún un kó lè gbàgbé. Kí ni kí èmi ìyá ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Irú àìsàn yìí ti pẹ́ láyé. Ibn Sina, oníṣègùn ilẹ̀ Páṣíà tó kú lọ́dún 1037, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ńlá: ojú tó jìn sínú, oorun tó sá, ara tó gbẹ. Bí aláìsàn ò bá fẹ́ sọ ẹni tó ń dà á láàmú, á fi ìka lé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, á máa pe orúkọ oríṣiríṣi, á sì ṣọ́ ibi tí ìlù náà ti máa yí padà. Nígbà tó bá ti mọ ẹni náà, ohun tó fara mọ́ ni kí wọ́n fún un ní ẹni tó fẹ́, níbi tí òfin bá ti gbà á. Fífẹ́ ẹlòmíì fún un ní kíákíá á sọ aláìsàn kan di méjì, ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ bá fẹ́ wálé ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

A ò ní bá àwọn ará ilé yín jiyàn lórí oògùn. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí àrùn gẹ̀gẹ̀ inú ọrùn, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà náà ń mú èèyàn rù, ilé ni wọ́n sì máa ń pè é ní ìfẹ́. Ẹ má jẹ́ kó mu àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ikùn òfo. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ á lọ lẹ́nu rẹ̀ ju àwo ńlá kan lọ. Ẹ má bú ọmọbìnrin náà níwájú rẹ̀. Á di agbẹjọ́rò rẹ̀ ni.

Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbèèrè kì í fi í síni lọ́kàn. Bó bá ti ń pín ẹrù rẹ̀ fúnni, tó ń dágbére, tàbí tó ti mọ ọ̀nà tó máa gbà, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti gbogbo egbòogi inú ilé síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Mo ti já ọkùnrin kan sílẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ máa ń tó 50 lójúmọ́. Ó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ó ní òun á pa ara òun bí mi ò bá padà. Ìyá mi ní irú ìfẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n, kí n ṣàánú ẹni tó fi ẹ̀mí fẹ́ mi. Àwọn àgbà ń fẹ́ pe àwa méjèèjì jókòó.

Ìdáhùn: Ìdọdẹ ni ọkùnrin yìí ń ṣe, èyí ni pé ó ń tọ yín lẹ́yìn kiri nígbà tí ẹ ti ní ẹ ò fẹ́. Ọdún 1990 ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀ di ọ̀ràn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1997, àwọn orílẹ̀-èdè míì sì ti tẹ̀lé wọn. Ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́wàá nínú àwọn 50 náà sétí ìyá yín, bó ṣe wà gan-an, láìyọ ọ̀kan. Ìyá tó bá gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ rẹ̀ kì í pẹ́ yí ohùn padà.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i, lẹ́ẹ̀kan péré: “Mi ò fẹ́ kí o pè mí, kí o kọ̀wé sí mi tàbí kí o wá bá mi mọ́. Mi ò ní dáhùn mọ́.” Kò sí “má bínú” níbẹ̀. Kò sí “bóyá lọ́jọ́ iwájú”. Kò sí àlàyé, nítorí àlàyé ni yóò máa dá lóhùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ panu mọ́. Bí ẹ bá dákẹ́ fún 40 àtẹ̀jíṣẹ́, tí ẹ wá fi èébú dá ìkọkànlélógójì lóhùn, ẹ ti kọ́ ọ pé 41 ni iye tó ń ra ohùn yín. Ẹ mọ̀ pé á kọ́kọ́ le sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń juwọ́ sílẹ̀.

Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán. Ẹ ní ìwé kan fún ọjọ́, aago, ibi tó dúró sí, ohun tó ṣe, àti ẹni tó rí i. Àwọn kan á ní kí ẹ blọ́ọ̀kì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ gba nọ́ńbà tuntun fún àwọn èèyàn yín, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan, láìdáhùn, kí ẹ̀rí lè máa wọlé láìjẹ́ pé ẹ ń kà á. Ẹ wo “Linked devices” lórí WhatsApp. Bí ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé tó ti mọ̀ rí padà, ti ímeèlì ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ sì pa ohun tó ń fi ibi tí ẹ wà han ẹlòmíì. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má máa gba ọ̀nà kan náà lákòókò kan náà.

Ní ti ikú tó ń fi halẹ̀, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ẹ má sì lọ bá a. Ẹ pe ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, ẹ ka ohun tó kọ fún wọn, ẹ ní kí wọ́n lọ bá a báyìí báyìí. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e, ẹ pe ọlọ́pàá. Bí ẹ bá lọ fúnra yín, ẹ̀mí rẹ̀ á di ohun tí á máa fi pè yín.

Ẹ kọ ìjókòó àwọn àgbà náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ètò yẹn dára fún tọkọtaya tó jà. Fún ẹni tó ń dọdẹ, wákàtí kan nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín ni oúnjẹ tó ń wá láti oṣù márùn-ún. Kí àwọn àgbà pe òun nìkan, pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ lójú abẹ níkòó pé ó ti parí. Níbi tí àgbà ti lágbára lórí rẹ̀, èyí lè ṣe ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ ò lè ṣe.

Àmọ́ bó bá ti dúnkookò láti pa yín, bó ti gbé ohun ìjà, bó ti wọ ilé yín láìgbàṣẹ, bó ti fún yín lọ́rùn rí nígbà tí ẹ jọ wà, tàbí bó ti sọ pé bóun ò bá fẹ́ yín kò sẹ́ni tó máa fẹ́ yín, ẹ fi àgbà sílẹ̀. Ilé ọ̀rẹ́ tí kò mọ̀ ni kí ẹ ti sùn lálẹ́ yẹn, kí ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ẹ̀rí sí lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà pé olóyè pàtàkì kan fẹ́ràn òun, ó ní àwọ̀ aṣọ tó ń wọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló fi ń bá òun sọ̀rọ̀. Wọn ò pàdé rí. Ó yè kooro nínú ohun gbogbo yòókù.

Ìdáhùn: Dókítà ọmọ Faransé kan, de Clérambault, ṣàpèjúwe èyí lọ́dún 1921. Ọ̀kan nínú àwọn tó tọ́jú gbà pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George V, fẹ́ràn òun. Á lọ dúró níwájú ààfin, bí kọ́tìnnì bá mì lójú fèrèsé, á ní àmì ni. Bí ẹ bá jà á níyàn, á ní wọ́n ti rà yín. Bí ẹ bá gbà fún un, ó ti rí ẹlẹ́rìí. Ẹ sọ pé ẹ rí i pé kò sùn dáadáa, pé ọ̀rọ̀ yìí ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ fi ti oorun mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ. Oògùn wà fún un, àwọn kan sì máa ń lò ó fún ìgbà pípẹ́. Ẹ ṣọ́ ọ kó má lọ sílé ọkùnrin náà, kó má sì kọ̀wé sí aya rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù sí ìgbéyàwó mi pẹ̀lú ọkùnrin tí àwọn òbí wa jọ yàn. Èèyàn dáadáa ni, mo sì gbà á. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ tẹ́lẹ̀. Owó ti jáde. Ṣé á kúrò lẹ́yìn ìgbéyàwó?

Ìdáhùn: Kì í sábà kúrò bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbéyàwó kì í fi òpin sí ìrètí, ńṣe ló ń fi í pamọ́. Ẹ sún un síwájú ní oṣù mẹ́ta. Àfẹ́sọ́nà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹbí tó gbọ́: “Ọkàn mi ò tíì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó o fẹ́ mi pẹ̀lú rẹ̀.” Kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ ẹni náà tàbí kí ẹ sọ ohun tí ẹ jọ ṣe. Bó bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ tú ká, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ má pe ẹni àtijọ́ “láti dágbére”. Bí ẹ ò bá tíì gba rárá tó dájú lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan bí a ṣe kọ ọ́ sókè, kí ẹ sì dúró lórí èsì rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á rí, ẹ máa ka ọjọ́ tí ẹ ò fi wo ìkànnì rẹ̀. Bí 30 ọjọ́ bá kọjá léraléra láìwò ó, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ẹ ò rí 30 náà kó jọ, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin dáadáa yẹn máa lọ. Ní ti owó, ẹ pe àwọn oní-gbọ̀ngàn àti àwọn tí ẹ ti san owó fún kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: ẹni tí kò ní dá owó padà lè gbà láti yí ọjọ́ padà, bí ẹ bá tètè sọ fún un.